Inú Ilẹ̀ Ni Wọ́n Ti Ń Wá Oògùn Kápúsù: Kí Ló Dé Tí Tuntun Kò Yá Jáde?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ oògùn ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjà náà ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni ilé-iṣẹ́ GlaxoSmithKline kéde pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Àwọn ló ń kó Ampiclox àti Augmentin wá fún wa. Láti ìgbà náà ni owó oògùn wọ̀nyí ti fò sókè, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá dé kẹ́míìsì á kọ́kọ́ di àyà mú kó tó béèrè iye. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sọ pé, “Kí wọ́n kúkú ṣe tuntun fún wa jàre, ṣebí ọgbọ́n kì í tán nínú òyìnbó.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún sọ. Ṣùgbọ́n wàhálà owó gan-an kéré nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tó tóbi ni pé àwọn oògùn náà fúnra wọn kò ràn mọ́ bí wọ́n ṣe ń ràn tẹ́lẹ̀, tuntun tí ì bá sì rọ́pò wọn kò yá jáde. Ìdí tí kò fi yá ni a fẹ́ là yé ara wa.

Níbo ni àǹtíbáyótíìkì ti ń wá? Tí a bá bi èèyàn mẹ́wàá lọ́jà, ó ṣeé ṣe kí mẹ́sàn-án sọ pé inú ẹ̀rọ òyìnbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Púpọ̀ jù lọ nínú wọn, ara kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí wọn, inú ilẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn kòkòrò yìí ń gbé. Ilẹ̀ lásán ni o, irú èyí tó wà lábẹ́ igi kòkó wa níbí.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ “kòkòrò” bà yín lẹ́rù. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe èèyàn níbi. Àwa tí à ń ta ògì àti irú, àwa la mọ̀ wọ́n jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò rí wọn rí. Tí a bá rẹ àgbàdo sómi fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó wuruwuru tó sì ń kan, ta ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn? Àwọn ni. Tí a bá se irú tán, tí a fi ewé bò ó, tí a fi àpò lé e lórí kó lè móoru, tó wá ń yọ̀ tó ń fà, tó ń ta sánsán dé òpópónà, àwọn náà ni. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, S. A. Odunfa ní Yunifásítì Ìbàdàn yẹ irú wò finnífinní, ó sì rí i pé kòkòrò kan tó ń jẹ́ Bacillus subtilis ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ìbátan kòkòrò irú yìí, tí wọ́n rí lára ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ọmọdébìnrin kan ní New York ní 1943, ló fún ayé ní oògùn bacitracin. Margaret Tracy ni orúkọ ọmọ náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi parí orúkọ oògùn. Bacitracin yìí wà nínú pọ́dà Cicatrin tí ọ̀pọ̀ wa ti bù sójú egbò ọmọ rí.

Ìdí tí kòkòrò fi ń ṣe oògùn kò yàtọ̀ sí ìdí tí àwa fi ń du ìsọ̀. Nínú ilẹ̀ tí kò kún ṣíbí kékeré kan, kòkòrò tó ń gbé ibẹ̀ lè tó bílíọ̀nù kan. Oúnjẹ kò tó wọn, àyè kò gbà wọ́n. Àwọn kan nínú wọn wá ń tu omi kan jáde tó máa pa aládùúgbò wọn, tàbí tí kò ní jẹ́ kí aládùúgbò náà lè bí sí i. Omi yẹn ni àwọn onímọ̀ ń wá kiri. (A kò ní sọ pé kò sí irú ìjà bẹ́ẹ̀ lọ́jà tiwa, ṣùgbọ́n tiwa kò la oró lọ.)

Ẹ rántí òórùn tí ilẹ̀ máa ń ní nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ sórí erùpẹ̀ gbígbẹ. Ara ẹbí kòkòrò kan tó ń jẹ́ Streptomyces ni púpọ̀ nínú òórùn yẹn ti ń wá. Ẹbí kan ṣoṣo yìí ló bí tetracycline tí a máa ń pè ní tẹ́trà, òun ló bí chloramphenicol tí wọ́n fi ń wo táífọ́ọ̀dù láyé àtijọ́, òun ló bí streptomycin tó jẹ́ oògùn àkọ́kọ́ tó ṣẹ́gun ikọ́ ife. Flagyl pàápàá, inú ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti pò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun kan tí wọ́n rí lára ẹbí yìí ni wọ́n wò ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀.

Ìtàn wọn dùn, a ò ní pẹ́ lórí gbogbo rẹ̀. Ní 1928 ni Alexander Fleming ti ilé ìwòsàn St Mary’s ní London ti ìsinmi dé, ó bá nǹkan tó bu nínú àwo tó fi ń sin kòkòrò, bí búrẹ́dì ṣe máa ń bu. Gbogbo kòkòrò tó sún mọ́ ibi tó bu náà ti kú. Bí wọ́n ṣe rí penicillin nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tí Fleming rí kì í mú oògùn jáde tó bẹ́ẹ̀. Nígbà ogun Hitler, tí ọgbẹ́ ń pa àwọn sójà, wọ́n ń wá èyí tó máa mú jáde dáadáa kiri ayé, wọ́n ń kó ilẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti wá rí i? Lọ́jà ni! Ní 1943, ní ìlú Peoria ní Amẹ́ríkà, èso kan tó jọ bàrà, tó ti bu lórí àtẹ, ni wọ́n gbé lọ sí ilé ìwádìí tó wà nílùú náà. Ohun tó hù lára èso yẹn ni penicillin tí wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́ títí dòní ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí alátẹ ì bá jù sí ààtàn! Ampicillin àti cloxacillin, àwọn méjì tí wọ́n so pọ̀ tó di Ampiclox, ọmọ penicillin ni àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo ayé wá ń gbẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ oko kan ní New Jersey ni Albert Schatz ti rí streptomycin ní 1943, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Selman Waksman. Ilẹ̀ Venezuela ni chloramphenicol ti wá ní 1947. Àkọ́bí ẹbí tẹ́trà jáde láti inú ilẹ̀ Missouri ní 1948. Vancomycin wá láti inú igbó Borneo, rifampicin tí wọ́n ń lò fún ikọ́ ife wá láti ilẹ̀ abẹ́ igi ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ti abẹ́rẹ́ ceftriaxone tí wọ́n ń gún ní ọsibítù wa lójoojúmọ́ tilẹ̀ pani lẹ́rìn-ín: ibi tí omi ẹ̀gbin ìlú ti ń ṣàn wọ òkun ní Cagliari, ní erékùṣù Sardinia, ni Giuseppe Brotzu ti rí baba ńlá rẹ̀ ní 1945. Nǹkan bí ogún ọdún ni wọ́n fi ń rí wọn lọ́tùn-ún lósì. Àwọn èèyàn wá rò pé ó ti tán, pé èèyàn ti borí kòkòrò.

Fleming kò rò bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1945, nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel, ó kìlọ̀ pé ẹni tó bá lo oògùn yìí ní ìwọ̀n tó kéré jù ń kọ́ kòkòrò ní bí yóò ṣe máa fara da á ni. Àwa tí à ń ta ẹ̀wà àti àgbàdo mọ ohun tó ń sọ. Tí a bá fi oògùn kékeré sínú àpò ẹ̀wà, èyí tó rọ nínú àwọn kòkòrò á kú, èyí tó gbó á ṣẹ́kù, èyí tó gbó yìí ló máa wá bímọ. Nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, oògùn yẹn kan á máa wẹ̀ wọ́n lára lásán ni. Ti kòkòrò àìfojúrí tún burú ju ti inú ẹ̀wà lọ, nítorí láàárín ogún ìṣẹ́jú ni òmíràn nínú wọn fi ń di méjì. Wọ́n sì tún ní ìwà kan: ẹni tó bá ti mọ bí a ti ń bọ́ lọ́wọ́ oògùn lè kó ọgbọ́n náà fún ẹnìkejì rẹ̀, kódà bí wọn kì í ṣe ẹbí kan náà.

Ẹ má rò pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan lọ̀rọ̀ yìí wà. Nílé-Ifẹ̀ níbí, Adebayo Lamikanra àti Iruka Okeke pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ kòkòrò inú ìfun àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò láti 1986 títí dé 1998. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí kò ṣàìsàn o, ara wọn dá ṣáṣá. Oògùn mẹ́rin tí gbogbo wa mọ̀ wà lára èyí tí wọ́n fi dán kòkòrò náà wò: tẹ́trà, ampicillin, chloramphenicol àti streptomycin. Ní 1986, nínú kòkòrò 100, láti orí 9 dé 35 ni oògùn kò ràn, ó dá lórí oògùn tí wọ́n lò. Nígbà tó fi máa di 1998, ó ti di 56 dé 100. Ẹ tún un kà. Nínú ọdún méjìlá péré, ó ku oògùn kan tí kò ran ẹyọ kòkòrò kan ṣoṣo mọ́ nínú èyí tí wọ́n kó jọ. Ara àwọn ọmọ tí ara wọn dá ni wọ́n sì ti rí èyí, tó túmọ̀ sí pé èèyàn lè máa gbé kòkòrò alágídí kiri láìmọ̀, títí ọjọ́ tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún un tàbí tó bímọ, tí kòkòrò náà bá ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ìwádìí ńlá kan tó jáde nínú ìwé The Lancet ní 1922 kọ́ o, ní 2022 ni, ó ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019 nìkan, èèyàn mílíọ̀nù kan àti 270,000 ni kòkòrò tí oògùn kò ràn pa tààrà ní gbogbo àgbáyé. Apá ibi tó ti pọ̀ jù ní ìfiwéra pẹ̀lú iye èèyàn, Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa yìí ni. Ti Nàìjíríà nìkan tó nǹkan bí 64,500. Ẹ ka iye ọdún tí a ti kọ 1922 yẹn sí àwàdà wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà tán: ní 1922, kò tíì sí penicillin. Ìyá ọlọ́mọ tí ibà mú lẹ́yìn ìbímọ nígbà náà, Ọlọ́run nìkan ló mọ bó ṣe máa rí. Ibẹ̀ ni kòkòrò alágídí ń dá wa padà sí.

Ó dáa, ilẹ̀ ṣáà ṣì wà. Kí ló dé tí wọn kò tún gbẹ́ ẹ? Wọ́n ń gbẹ́ ẹ o. Wàhálà méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ni pé nígbà tó di nǹkan bí 1970, ohun kan náà ni wọ́n ń gbẹ́ kàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n á ṣiṣẹ́ ọdún kan, wọ́n á yọ̀ pé àwọn rí tuntun, àfi kó tún jẹ́ streptomycin. Ìdí ni pé nínú kòkòrò ilẹ̀ 100, bóyá ẹyọ kan ló máa ń gbà láti hù nínú àwo ilé ìwádìí. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún yòókù kò fẹ́ oúnjẹ òyìnbó. Ilẹ̀ wọn ni wọ́n fẹ́.

Ọgbọ́n tí wọ́n wá dá sí i, ó jọ ti ògì. Kim Lewis àti Slava Epstein ní Yunifásítì Northeastern ní Boston ṣe pátákó kékeré kan tó ní ihò wẹẹrẹ púpọ̀. Wọ́n pò ilẹ̀ mọ́ omi, wọ́n là á títí tó fi jẹ́ pé kòkòrò kan ṣoṣo ló máa bọ́ sínú ihò kan. Wọ́n fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lójú méjèèjì, awọ tó rí bí asẹ́ ògì: omi àti oúnjẹ ń gbà á kọjá, kòkòrò kò lè gbà á kọjá. Wọ́n wá rì í padà sínú ilẹ̀ tí wọ́n ti mú un. Kòkòrò náà rò pé ilé lòun wà, ó sì ń bí sí i. Nínú ilẹ̀ pápá kan ní Maine, wọ́n fi ọgbọ́n yìí rí teixobactin, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní oṣù kìíní 2015. Ní 2023 ni wọ́n kéde clovibactin, láti ilẹ̀ oníyanrìn ní North Carolina. Ní 2025, àwọn onímọ̀ Yunifásítì McMaster ní Kánádà, tí Gerry Wright jẹ́ olórí wọn, kéde lariocidin. Ẹ̀yìnkùlé ilé ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n ti bu ilẹ̀ rẹ̀, ní ìlú Hamilton. Ti àwọn kò la ọgbọ́n pátákó lọ, sùúrù ni wọ́n lò. Wọ́n fi kòkòrò ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan kí àwọn tí kì í tètè hù lè ráyè hù. Ó wo èkúté sàn lọ́wọ́ kòkòrò alágídí. Ṣùgbọ́n láti ara èkúté dé ara èèyàn jìnnà gan-an. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kò ní ba kíndìnrín jẹ́, kí wọ́n mọ iye tó yẹ kí àgbà lò àti iye tó yẹ kí ọmọdé lò. Ó lè gba ọdún 10 sí 15 kí oògùn kan tó dé kẹ́míìsì, ọ̀pọ̀ ló sì ń kú sójú ọ̀nà.

Wàhálà kejì ni owó, ó sì dá wa lójú pé kò sẹ́ni tó máa yé bí àwa ọlọ́jà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ yá owó ńlá, ẹ lọ kó ọjà kan dé láti ọ̀nà jíjìn. Ọjà náà dára, kò sí irú rẹ̀. Kí ẹ tó pàtẹ, wọ́n ní kí ẹ gbé e pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Ẹ kò gbọ́dọ̀ tà á fún ẹnikẹ́ni àfi ẹni tí gbogbo ọjà yòókù ti kọ̀ fún. Ẹni tó bá sì rà á, ti ọjọ́ méje péré ló máa rà, á gbádùn, kò ní padà wá mọ́. Ní ìsọ̀ kejì, ẹnìkan ń ta oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Tirẹ̀, àràárọ̀ ni oníbàárà máa ń lò ó títí ọjọ́ ikú. Èwo lẹ máa kó?

Bí ọ̀rọ̀ àǹtíbáyótíìkì tuntun ṣe rí gan-an nìyẹn. A gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ pamọ́ kí kòkòrò má baà tètè mọ̀ ọ́n, títọ́jú rẹ̀ pamọ́ yìí ló sì ń pa ẹni tó ṣe é. Ilé-iṣẹ́ kan ní California tó ń jẹ́ Achaogen lo ọdún púpọ̀ lórí oògùn kan tó ń jẹ́ plazomicin. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù kẹfà 2018. Èyí tí wọ́n tà nínú ọdún yẹn kò tó mílíọ̀nù kan dọ́là. Ní oṣù kẹrin 2019, ilé-iṣẹ́ náà wọ gbèsè, wọ́n sì ta ẹrù wọn ní gbàǹjo. Lọ́dún kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ plazomicin sára àwọn oògùn tí ayé kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní. Èèyàn ṣe ohun tí gbogbo ayé ń tọrọ, ó sì jẹ gbèsè nídìí rẹ̀. Lójú tiwa, ibí ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́ jù, kì í ṣe nínú ilẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ti ń dán ọgbọ́n kan wò láti 2022. Oògùn méjì ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Wọ́n ní àwọn á máa san iye kan fún ẹni tó ni oògùn lọ́dọọdún, ó lè tó mílíọ̀nù 10 pọ́ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, yálà aláìsàn tó lò ó pọ̀ tàbí kò pọ̀. Àwa náà ń ṣe irú rẹ̀. Ṣebí oṣooṣù là ń san owó ọlọ́dẹ ọjà, olè ìbáà wá, kó má wá. A kì í sọ pé nígbà tí olè kò wá lóṣù yìí, a ò ní san. Ṣùgbọ́n ìlú tó lówó ló lè ṣe é. Tiwa, owó oògùn tó ti wà látijọ́ gan-an ṣì ń ni wá lára.

Àwọn ọmọ wa pàápàá kò ká ọwọ́ lẹ́rán. Ní Yunifásítì Nnamdi Azikiwe ní Awka, Festus Okoye àti Charles Esimone àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ń wá oògùn lára àwọn ohun bíbu tíntìntín tó ń gbé inú ewé igi ilẹ̀ wa, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn onímọ̀ láti Jámánì. Ní Ìbàdàn, Iruka Okeke tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní ilé ìwádìí tó ń tọpa kòkòrò alágídí láti ọsibítù dé ọsibítù. Funmilola Ayeni, ní Yunifásítì Ìbàdàn bákan náà, yẹ omidùn wò, omi orí ògì wa yìí. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2017 pé àwọn kòkòrò tó ń mú ògì kan lè dènà àwọn kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru nínú àwo ilé ìwádìí.

Ibí yìí ni a ti ń bẹ̀ yín kí ẹ farabalẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ torí èyí máa ta omidùn fún oníbàárà pé ó ń wo táífọ́ọ̀dù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àwo kò tíì jẹ́ oògùn. Ọmọ tó ń ṣu gbuuru, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pè ní ORS ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un, kí ẹ sì gbé e lọ sí ìlera.

Nígbà tí tuntun kò yá, èyí tó wà lọ́wọ́ wa ló kù. Àwọn kan máa ń sọ pé àìmọ̀kan ló ń mú kí obìnrin ọjà ra kápúsù méjì péré. A kò fara mọ́ ọn. Owó ló ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ti ọjọ́ méje, tó sì ní ọmọ mẹ́ta nílé, kí ni kó ṣe? Síbẹ̀ kápúsù méjì yẹn kì í wo èèyàn, ó kàn ń kọ́ kòkòrò níwèé ni. Ó sàn kí a má rà á rárá ju kí a ra ìdajì lọ, kí a sì kọ́kọ́ mọ̀ bóyá a nílò rẹ̀. Ọ̀fìnkìn kò gbọ́ àǹtíbáyótíìkì. Tí wọ́n bá ní ẹ ní “málaríà àti táífọ́ọ̀dù” lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ mọ̀ pé àyẹ̀wò yẹn máa ń parọ́. Èyí tó dájú jù ni kí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ náà ní ọsibítù ńlá kí wọ́n wo ohun tó máa hù níbẹ̀. Ẹ̀yin tó ń sin adìyẹ, tẹ́trà tí ẹ ń dà sómi fún wọn láìṣàìsàn wà lára ohun tó ń sọ kòkòrò di alágídí. Ti àwọn ọmọ tó ń gbé oògùn kiri lórí àtẹ nínú oòrùn ni a kò tilẹ̀ fẹ́ sọ púpọ̀ lé lórí. Oòrùn ń ba oògùn jẹ́. Kápúsù tó ti jẹrà, tí agbára rẹ̀ ti dín kù, ìdajì oògùn ni bí ẹ tiẹ̀ lò ó pé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, tó kàn wá tààrà. Ní 1949, dókítà kan ní ìlú Iloilo ní Philippines, Abelardo Aguilar, bu ilẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ Eli Lilly ní Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ fún. Inú ilẹ̀ náà ni erythromycin ti jáde. Wọ́n tilẹ̀ fi orúkọ ìlú Iloilo sọ ọ̀kan nínú oògùn náà, wọ́n pè é ní Ilosone. Owó ńlá wọlé. Aguilar bèèrè ìpín tirẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún, ó sì kú ní 1993 láìrí i gbà. Nítorí irú èyí ni wọ́n ṣe àdéhùn kan ní Nagoya ní Japan ní 2010, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014: ẹni tó bá kó ohun abẹ̀mí láti ilẹ̀ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kí wọ́n sì jọ ṣàdéhùn lórí èrè.

Nítorí náà, tí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí onímọ̀ bá dé ìsọ̀ yín tó ní kí ẹ bu irú, omidùn tàbí ilẹ̀ ẹ̀yìn ìsọ̀ fún òun, ẹ má lé e, iṣẹ́ tó ń ṣe wúlò fún wa. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ àti ilé-ìwé tó ti wá, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ bi í bóyá ohun náà ń kọjá ilẹ̀ yìí, kí ẹ sì mú lẹ́tà náà wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́ kó lè wà nínú fáìlì.